Mọ́tò Pákó Tí Ọmọ Fi Ọwọ́ Ara Rẹ̀ Ṣe

Mo fẹ́ bi yín ní ìbéèrè kan kí n tó máa bá ọ̀rọ̀ mi lọ. Nígbà wo ni ẹ jókòó ti ọmọ yín kẹ́yìn, tí kì í ṣe pé ẹ ń bá a wí, tí kì í ṣe pé ẹ ń rán an níṣẹ́, tí kì í sì í ṣe pé ẹ ń yẹ ìwé rẹ̀ wò, ṣùgbọ́n tí ẹ̀yin méjèèjì jọ ń fi ọwọ́ ṣe ohun kan? Bí ẹ bá ní láti ronú pẹ́ kí ẹ tó dáhùn, ẹ má bínú sí mi. Èmi pàápàá ronú pẹ́ nígbà tí mo bi ara mi.

Ṣàgámù ni a ń gbé. Bàbá àwọn ọmọ mi ń ṣiṣẹ́ ní Èkó, alẹ́ ọjọ́ Jímọ́ọ̀ ni ó máa ń wọlé. Ní ìsinmi ọlọ́jọ́ gígùn tó kọjá, ọmọ mi ọkùnrin, tí ó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́jọ, wá bá mi ní ìdí ààrò. Ó ní àwọn ọmọ àdúgbò fẹ́ fi mọ́tò pákó sá eré ìje lórí pákó gígùn kan tí wọ́n máa gbé ti àga, òun náà sì fẹ́ ní tòun.

Inú mi dùn sí ọ̀rọ̀ náà, nítorí ó ti pẹ́ tí mo ti ń wá ohun tí yóò mú ojú ọmọ náà kúrò lára fóònù. Mo gba ọ̀dọ̀ káfíńtà àdúgbò wa lọ. Mo ní kí ó bá mi fá mọ́tò kan tí ó tẹ́ẹ́rẹ́, tí ẹnu rẹ̀ ṣóńṣó, bí irú èyí tí wọ́n fi ń sáré nínú tẹlifíṣọ̀n. Nígbà tí ó di alẹ́, tí àwọn ọmọ ti sùn, mo fi ọwọ́ ara mi kùn ún ní ọ̀dà pupa, mo sì kọ nọ́ńbà kìíní sí i lára. Mo fẹ́ kí ó jí bá a ní òwúrọ̀, kí ẹnu yà á.

Ẹnu yà á lóòótọ́. Ó kúnlẹ̀, ó ní, “Ẹ ṣé, Màámi.” Ó gbé e lọ sí ibi eré, mọ́tò náà sì ṣe ipò kìíní. Ṣùgbọ́n ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, bí mo ti ń ká aṣọ lórí okùn, mo gbọ́ tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ń bi í pé ta ló ni mọ́tò tó dára báyìí. Ọmọ mi kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní, “Ti Màámi ni.”

Ọ̀rọ̀ kékeré ni, ṣùgbọ́n ó gún mi ní ọkàn. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, ó ti gbé mọ́tò náà fún àbúrò rẹ̀, kò sì wẹ̀yìn wò ó mọ́.

Ní ọjọ́ kejì mo pè é, mo bi í pé irú mọ́tò wo ni òun ìbá ti fẹ́. Ojú rẹ̀ là. Ó ní ọkọ̀ akẹ́rù ni, èyí tí wọ́n máa ń di obì kún ní Sábó, tí wọ́n á fi tapólì bò, tí yóò wá kọrí sí òkè Ọya. Ẹ wò ó bí mo ti ṣe e! Mo ti náwó, mo ti pàdánù oorun, mo sì ti kun ọ̀dà, ṣùgbọ́n n kò bi ọmọ léèrè ohun tí ó wà ní ọkàn rẹ̀. Àwọn àgbà ní ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò sì wọ akèrègbè. Èmi ti fi ọwọ́ mi gba iṣẹ́ pẹpẹ, mo tún fẹ́ fi tipátipá ki ọwọ́ kan náà bọ inú akèrègbè.

ERÉ YÌÍ KÌ Í ṢE TUNTUN

Ẹ má rò pé ohun òyìnbó ni mo ń sọ. Àwọn tí ó dàgbà láàárín wa rántí bọ́lẹ̀kájà. Ní àwọn ọdún 1950 àti 1960, egungun ọkọ̀ àti ẹ́ńjìnnì, Bedford tàbí Austin, ni ó ń ti Ìlú Ọba wá. Àwọn káfíńtà tiwa ni wọ́n ń fi pákó kan ilé lé e lórí, tí wọ́n ń to àga sí i. Lẹ́yìn náà ni àwọn akunlé ń kùn ún ní oríṣiríṣi àwọ̀, tí wọ́n ń kọ òwe àti àdúrà sí iwájú àti ẹ̀yìn rẹ̀. Ẹni tí kò mọ nọ́ńbà ọkọ̀ lè fi ọ̀rọ̀ tí ó wà ní iwájú rẹ̀ mọ̀ ọ́n láti òkèèrè.

Àwọn ọmọdé ń wo èyí, wọ́n sì ń ṣe tiwọn. Agolo mílíìkì ni wọ́n fi ń ṣe ara ọkọ̀, ìdérí ìgò tàbí sílípáàsì gígé sì ni táyà. Wọ́n á so okùn mọ́ ọn, wọ́n á máa fà á káàkiri àgbàlá. Kò sí ẹni tí ó rà á fún wọn, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹni tí ó lè sọ fún wọn pé kì í ṣe tiwọn.

Ọmọ Ṣàgámù kò lè ṣaláì fẹ́ràn ọkọ̀. Ọdún 1978 ni ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn ṣí, ìhà ọ̀dọ̀ wa níbí sì ni ọ̀nà Bìní ti yà lára rẹ̀, tí tírélà ń kọjá tọ̀sán-tòru. Ohun tí ọmọ ń rí lójoojúmọ́ ni yóò wà ní ọkàn rẹ̀. Ìdí nìyí tí ọmọ tèmi fi ń ro ọkọ̀ obì nígbà tí èmi ń ro mọ́tò tẹlifíṣọ̀n.

Wọ́n ń ṣe irú rẹ̀ ní Amẹ́ríkà náà. Eré ìje kan wà níbẹ̀ tí àwọn ọmọ máa ń jókòó sínú mọ́tò pákó tí wọ́n fúnra wọn kàn, tí wọn yóò sì sáré sọ̀kalẹ̀ láti orí òkè láìsí ẹ́ńjìnnì. Ní ìlú Dayton ni wọ́n ti kọ́kọ́ ṣe ti gbogbo orílẹ̀-èdè náà ní 1934, wọ́n sì gbé e lọ sí Akron ní 1935. Nígbà tí ó yá, ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Don Murphy, ní Manhattan Beach ní ìpínlẹ̀ California, rí i pé ọmọ òun kò tíì dàgbà tó láti bá wọn sá eré náà. Kàkà kí ó ní kí ọmọ náà máa wòran, ó ronú kan mọ́tò kékeré tí bàbá àti ọmọ lè jọ fi igi gbẹ́ ní ilé. Ní oṣù Èbìbí ọdún 1953 ni àwọn ọmọ ẹgbẹ́ Cub Scout tí ó ń darí kọ́kọ́ fi í sáré. Títí di òní, ọ̀pọ̀ ọmọ ní Amẹ́ríkà ni ó ń ṣe é lọ́dọọdún. Ègé igi kan, ìṣó mẹ́rin àti táyà mẹ́rin ni wọ́n ń kó fún ọmọ kọ̀ọ̀kan, mọ́tò rẹ̀ kò sì gbọdọ̀ wúwo ju gíráàmù 142 lọ, èyí tí ó tó ẹyin adìẹ méjì àti ààbọ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ̀sùn kan kò tán níbẹ̀ láti ìgbà náà wá: àwọn bàbá ni wọ́n ń gba iṣẹ́ náà ṣe mọ́ ọmọ lọ́wọ́, kí ọmọ wọn lè borí. Nígbà tí mo mọ èyí, mo rẹ́rìn-ín, mo ní, “Kì í ṣe èmi nìkan.”

KÍ NI ÈYÍ?

Ẹ jẹ́ kí n rán yín létí ìtàn kan tí ó wà nínú àkójọ Hàdíìsì Abu Dawud. Ànọ́bì wa Muhammad, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, ti ojú ogun dé, atẹ́gùn sì ká aṣọ ìkélé ibi tí Àíṣátù kó àwọn ohun ìṣeré rẹ̀ sí. Ó rí ẹṣin kan láàárín wọn tí wọ́n fi àkísà ṣe ìyẹ́ méjì fún. Ó bi í léèrè ohun tí ó jẹ́, Àíṣátù sì dá a lóhùn pé ẹṣin ni. Ó tún bi í nípa ìyẹ́ náà. Àíṣátù ní ṣé kò tíì gbọ́ pé àwọn ẹṣin Ànọ́bì Sùlàímọ̀nù ní ìyẹ́ ni? Ànọ́bì sì rẹ́rìn-ín títí eyín rẹ̀ fi hàn.

Ẹ kíyè sí i pé kò sọ fún un pé ẹṣin kì í ní ìyẹ́, kò sì gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ láti tún un ṣe. Ó bi í léèrè, ó gbọ́ ìdáhùn, inú rẹ̀ sì dùn sí i. Bí ẹ bá fẹ́ bá ọmọ yín ṣe mọ́tò pákó, ibẹ̀ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀.

BÍ Ẹ Ó TI ṢE É

Ẹ fún ọmọ ní ìwé àti pẹ́ńsù, kí ó ya mọ́tò tí ó fẹ́. Bí ó bá ya bọ́ọ̀sì, ẹ jẹ́ kí ó jẹ́ bọ́ọ̀sì. Bí ó bá ya ohun tí ẹ kò mọ̀, ẹ bi í pé, “Kí ni èyí?” kí ẹ sì dúró gbọ́ ìdáhùn.

Igi arère ni ó dára jù fún iṣẹ́ yìí. Ó fúyẹ́, ó rọ̀, ọ̀bẹ ń wọ̀ ọ́. Igi ahùn náà kò burú. Ẹ má ra pákó odidi. Ẹ lọ sí ilé ìlagẹdú tàbí ọ̀dọ̀ káfíńtà, ẹ tọrọ nínú èyí tí wọ́n gé kù. Kí ègé náà gùn tó íǹṣì 7, kí ó fẹ̀ tó íǹṣì 2, kí ó sì nípọn tó íǹṣì kan àti díẹ̀. Ayùn jẹ́ iṣẹ́ àgbà. Ẹ̀yin ni kí ẹ fi gé àwòrán náà jáde, kí ọmọ bá yín di igi mú láti òkèèrè. Ìta gbangba ni kí ẹ ti ṣe é, nítorí lẹ́búlẹ́bú igi arère a máa yọ àwọn tí ó ní ikọ́ fée lẹ́nu. Ṣùgbọ́n sáńpépà jẹ́ iṣẹ́ ọmọ. Ẹ jẹ́ kí ó máa fi ha á títí ara igi yóò fi dán. Bí apá kan bá wọ́ díẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀.

Fún táyà, ẹ wá sílípáàsì tó ti já. Ẹ fi ìdérí ìgò kan ṣoṣo wọn gbogbo wọn, kí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lè dọ́gba, kí ẹ sì gé wọn ní róbótó. Láti mọ àárín gbùngbùn, ẹ gé bébà róbótó tí ó tó táyà náà, ẹ ká a sí méjì, ẹ tún un ká sí méjì. Ibi tí ìlà méjèèjì ti pàdé ni àárín. Ẹ fi àpẹẹrẹ yìí lé orí táyà, kí ẹ sì fi ìlu lu ihò rẹ̀.

Sípóòkù kẹ̀kẹ́ ni ọ̀pá táyà, ẹ ó rí i ní ọ̀dọ̀ ẹni tí ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe. Ẹ gé kòròfo báírò sí méjì, kí gígùn ọ̀kọ̀ọ̀kan tó ìbú mọ́tò náà. Ẹ fi gúlú lẹ̀ wọ́n mọ́ abẹ́ pákó, ọ̀kan níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn. Ẹ ti sípóòkù gba inú wọn, kí ẹ wá ki táyà bọ orí rẹ̀ ní ọ̀tún àti lósì, kí ó le dáadáa. Sípóòkù yóò máa yí nínú kòròfo náà. Kí ó lè máa yọ̀, ẹ fi sáńpépà ha inú dúdú pẹ́ńsù, kí ẹ da ìyẹ̀fun rẹ̀ sínú ihò náà. Ó sàn ju òróró lọ, nítorí òróró a máa kó iyanrìn.

Mọ́tò yìí kò ní ẹ́ńjìnnì. Ìwúwo rẹ̀ ni ó ń fà á sọ̀kalẹ̀. Ohun méjì ni ó ń dá a dúró: ọ̀pá táyà tí ń ha ara mọ́ ihò rẹ̀, àti atẹ́gùn. Atẹ́gùn tí ó lè dá mọ́tò fúyẹ́ dúró kò rí mọ́tò tó wúwo dá dúró bẹ́ẹ̀. Nítorí náà ẹ lè fi wọ́ṣà irin méjì tàbí mẹ́ta kún un, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìhà ẹ̀yìn, níwájú táyà ẹ̀yìn díẹ̀. Nígbà tí mọ́tò bá wà lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ẹ̀yìn ni ó ga jù, ìwúwo tó wà níbẹ̀ sì ní ọ̀nà púpọ̀ láti sọ̀kalẹ̀. Bí ó bá pọ̀ jù, iwájú yóò máa fò sókè.

Ẹ gbọ́ ìkìlọ̀ kan. Ẹ má ṣe fi òjé, pàápàá òjé inú bátìrì mọ́tò àtijọ́, ṣe ìwúwo. Májèlé ni fún ọpọlọ ọmọdé. Ní 2010, ní ìpínlẹ̀ Zamfara, òjé tí ó wà nínú òkúta tí wọ́n ń fọ́ láti wá wúrà pa ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọmọdé. Ní Ògijo, ní ilẹ̀ Rẹ́mọ tiwa yìí, ariwo ti pọ̀ lórí òjé tí ń jáde láti ibi tí wọ́n ti ń yọ́ bátìrì. Kí ohun ìṣeré má ṣe gbé e wọ inú ilé yín.

Ẹ̀ṢỌ́ MỌ́TÒ

Apá yìí ni ó dùn jù, ọmọ ni ó sì ni ín pátápátá. Kò di dandan kí ẹ ra ọ̀dà olówó gọbọi. Osùn yóò fún yín ní pupa, ẹfun yóò fún yín ní funfun, aró yóò fún yín ní búlúù, èédú tí a lọ̀ kúnná yóò fún yín ní dúdú. Ẹ fi gúlú funfun àti omi díẹ̀ po ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ó má baà ṣí. Bí ìpele kìíní bá gbẹ ni kí ọmọ tó kun èkejì.

Ọmọ tèmi kun ọkọ̀ rẹ̀ ní búlúù. Ó gé ọ̀rá dúdú ṣe tapólì, ó fi òwú dì í. Àwọn èso ìṣáná tí ó ti jó ni ó tò sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ bí igi ara ọkọ̀. Àbúrò rẹ̀ obìnrin ní òun náà yóò ṣe. Ẹ má sọ pé iṣẹ́ ọkùnrin ni o. Bọ́ọ̀sì ni tirẹ̀, ó gé àkísà àdìrẹ ṣe kọ́tìnnì ojú fèrèsé, ó sì kun ilẹ̀kùn rẹ̀ ní osùn.

Nígbà tí ó kan ọ̀rọ̀ tí yóò wà níwájú ọkọ̀, ó yẹ kí n dákẹ́, ṣùgbọ́n ẹnu yún mi. Mo ní kí ó kọ “Ọlọ́hun Tóbi.” Ó wò mí, ó ní òun ti ní tòun. Ó mú pẹ́ńsù, ó kọ ọ́ ní gbọ̀ngàn-gbọ̀ngàn, lẹ́tà kan ń gun orí èkejì: “BÀÁMI Ń BỌ̀.”

N kò lè sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀. Mo ti rò pé ọkọ̀ obì ni ọmọ náà ń wò lójú ọ̀nà. N kò mọ̀ pé ẹni tí yóò ti Èkó wọlé ní alẹ́ Jímọ́ọ̀ ni ó ń wá láàárín wọn.

NÍ ỌJỌ́ ERÉ

Lẹ́yìn ìrun Alásárì ni wọ́n gbé pákó ti àga. Mọ́tò márùn-ún ni ó wà níbẹ̀. Ọkọ̀ obì tiwa gbéra dáadáa, ṣùgbọ́n kò tíì dé àárín tí ó fi yà sí òsì, tí ó sì já bọ́ sílẹ̀. Àwọn ọmọ rẹ́rìn-ín. Mo fẹ́ dìde, mo rántí, mo jókòó padà.

Ó gbé ọkọ̀ rẹ̀, ó dojú rẹ̀ délẹ̀, ó mú rúlà. Láti imú ọkọ̀ dé kòròfo báírò níwájú, lápá òsì, ó wọn íǹṣì kan àti ààbọ̀. Lápá ọ̀tún kò tó bẹ́ẹ̀. Kòròfo náà ti wọ́. Ó wá bá mi, ó ní, “Màámi, ẹ bá mi di ibí mú.” Ó ṣí i, ó tún un lẹ̀, a jókòó títí gúlú fi gbẹ. Nígbà tí wọ́n tún sá a, ó lọ tààrà, ó sì ṣe ipò kẹta.

Bí ọmọ yín bá fẹ́ bá ẹgbẹ́ rẹ̀ sáré, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi owó sí i, nítorí tẹ́tẹ́ ni yóò dà. Bí ẹ bá fẹ́ fún wọn ní ẹ̀bùn, ẹ fún gbogbo wọn. Ẹ sì wá nǹkan kan yìn lára mọ́tò kọ̀ọ̀kan: èyí tí ó yára jù, èyí tí àwọ̀ rẹ̀ dára jù, èyí tí ó pa wá lẹ́rìn-ín jù.

Ní alẹ́ Jímọ́ọ̀ tí bàbá wọn wọlé, kò tíì bọ́ bàtà tán tí ọmọ náà fi gbé ọkọ̀ obì síwájú rẹ̀. Bàbá rẹ̀ yí i síhìn-ín, ó yí i sọ́hùn-ún, ó ka ohun tí ó wà níwájú rẹ̀. Ó bi í pé, “Ta ló ni èyí?”

Ọmọ náà ní, “Tèmi ni, Bàámi. Èmi ni mo ṣe é. Màámi bá mi dì í mú.”

Ẹ̀yin ìyá, ẹ̀yin bàbá, n kò tíì gba oyè kan ní ayé mi tí ó dùn mọ́ mi bí èyí. Ìsinmi mìíràn ń bọ̀, bí Ọlọ́hun bá fẹ́. Ẹ wá ègé pákó kan sílẹ̀, ẹ má sì gbàgbé láti béèrè ohun tí ọmọ fẹ́ kí ẹ tó mú ayùn. Kí Ọlọ́hun bá wa wo àwọn ọmọ wa. Àmín.